Fọ́tò Kúlúsúmù Lábẹ́ Odò Ògùn

Ẹ̀rín ni Kúlúsúmù fi dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, àwàdà lásán ni. Bí Nọ́fíù bá ti fi ẹ̀rín gbà á kó sì gbàgbé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyà tó jẹ ẹ́ lẹ́yìn náà kì bá tí jẹ ẹ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1953 ni, odò Ògùn ti fà, omi rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Nọ́fíù nígbà náà. Ayàwòrán ni ní Ìfọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ibùdókọ̀ rélùwéè gan-an. Ṣùgbọ́n Mowé ni Wúlẹ̀mọ̀tù ìyá rẹ̀ ń gbé, tó bá sì fẹ́ lọ kí i, yóò gun kẹ̀kẹ́ dé etí odò, yóò wọ ọkọ̀ sọdá sí Ìbàfọ̀, kó tó tún gun kẹ̀kẹ́ lọ. Láwàl apẹja ló máa ń tu àwọn èèyàn sọdá. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ara Láwàl kò yá, Kúlúsúmù ọmọ rẹ̀ obìnrin ló di àjẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ di kẹ̀kẹ́ yín mú dáadáa o,” ni ọmọbìnrin náà wí.

Kò tíì panu dé tí ọkọ̀ fi mì, tí pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ Nọ́fíù já bọ́ sómi. Nọ́fíù ń ṣe “Yéè!” lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin náà ti gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó so ìró rẹ̀ le, ó sì bẹ́ sódò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ débi tí Nọ́fíù fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà. Nígbà tó máa yọrí, pọ́ńpù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé o máa ń lajú nísàlẹ̀ omi ni?” ni Nọ́fíù bi í.

“Bí mi ò bá lajú, báwo ni n óo ṣe rí pọ́ńpù yín?”

“Kí lo wá rí níbẹ̀?”

Ó nu omi ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Kò ṣeé fẹnu sọ. Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń ya fọ́tò, ẹ wá yà á ká jọ wò ó.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni Nọ́fíù gbé dé Mowé, òun ló sì gbé padà sí Ìfọ̀. Ó ti ya ìyàwó tuntun, ó ti ya Àlàájì tó ti Mẹ́kà dé, ó ti ya òkú lórí ibùsùn pàápàá. Kò tíì rí ẹni tó ya inú odò. Ó ti gbọ́ ọ pé àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè ń rọ àpótí irin fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní tirẹ̀, agolo bisikíìtì ló ní, àti kámẹ́rà kékeré onígun mẹ́rin kan tí òyìnbó rélùwéè fi sílẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sílé. Ó gé ojú agolo náà, ó fi dígí fèrèsé sí i, ó sì yọ́ àbẹ́là dí etí rẹ̀. Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ó dè é mọ́ ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo, kí ìka rẹ̀ lè ti inú rọ́bà náà tẹ kámẹ́rà láìjẹ́ kí omi wọlé.

Omi wọlé. Fíìmù lẹ̀ mọ́ra bí ewé ẹ̀kọ tó rẹ sómi, ọjọ́ mẹ́ta ni kámẹ́rà sì fi wà nínú oòrùn kó tó tún ṣiṣẹ́. Nígbà kejì, omi tún wọlé. Kúlúsúmù ló wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nígbà méjèèjì, torí bàbá rẹ̀ ní òun kò lè fi òwúrọ̀ òun ṣòfò tọ ẹni tó ń ri agolo bọ odò lẹ́yìn.

“Ta ló sọ fún yín pé àbẹ́là ni wọ́n fi ń dí omi?” ni Kúlúsúmù wí. “Tí bàbá mi bá ń dí ọkọ̀, òwú ló kọ́kọ́ máa há sójú ẹ̀. Ọ̀dà gbígbóná ló máa wá dà lé e.”

Òun ló há òwú náà fún un, òun ló da ọ̀dà. Agolo náà wọ odò, ó jáde, inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Fọ́tò tó kọ́kọ́ yọ rí bàìbàì bí èéfín, ni Nọ́fíù bá yọ dígí kan lára awò ojú tí bàbá rẹ̀ olóògbé ń lò, ó dè é mọ́ ojú kámẹ́rà. Ni ẹja bá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, kékeré, bí ẹni yàwòrán wọn sí ara eérú.

Kò sẹ́ni tó fẹnu sọ ìfẹ́ fún ẹnì kejì nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni Nọ́fíù ń lọ sí Mowé tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kó má lọ. Kúlúsúmù náà, “ẹ̀gbọ́n” ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Tí wọ́n bá wà láàárín odò, “ìwọ” ló ń wí fún Nọ́fíù. Tí ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́ èbúté tó sì rí bàbá rẹ̀ tó ń tún àwọ̀n ṣe, yóò yára padà sí “ẹ̀yin.” Dídùn ohùn “ìwọ” yẹn ń bẹ ní etí Nọ́fíù títí tí yóò fi dé Ìfọ̀.

Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé Kúlúsúmù lòun fẹ́, Wúlẹ̀mọ̀tù pàtẹ́wọ́. “Ọmọ apẹja? Nọ́fíù, mo ti bá ìyá Àsmá'ù sọ̀rọ̀ o. Ọmọ tó kéwú, tó mọ ọjà tà, ìtòsí ibí náà ló wà. Kí lò ń wá lọ sórí omi?”

“Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n mú un wá kẹ́ ẹ rí i.”

“Mi ò ní lé e tó bá dé. Ṣùgbọ́n mi ò rán ẹ níṣẹ́ yẹn.”

Ti Láwàl ló le jù. Nọ́fíù kò lè dá lọ bá a, ó sì lọ rí Bàṣírátù, obìnrin tó ń ra ẹja gbígbẹ ní Ìbàfọ̀ wá tà ní ọjà Ìfọ̀. Bàṣírátù yìí, àbúrò ìyá Kúlúsúmù tó ti dolóògbé ni. Ẹnu rẹ̀ dùn, kì í sì í tètè bínú. Òun ló di alárinà.

“Bàṣírátù, ṣé ìwọ náà ti ń fi agolo wo odò ni?” ni Láwàl bi í. “Láti kékeré ni mo ti wà lórí omi yìí. Mi ò tíì rí ẹni tó ri agolo bọ̀ ọ́ tó fi pa ẹja.”

“Bàbá Kúlúsúmù, kì í ṣe ẹja ló ń wá.”

“Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi sílẹ̀ fún mi rèé. Ṣé ẹni tó ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ lé ohun tí kò ṣeé jẹ ni kí n fà á lé lọ́wọ́?”

“Ẹni tó lè ṣe wàhálà tó báyìí lórí ohun tí kò ṣeé jẹ,” ni Bàṣírátù fèsì, “ẹ ò rí i pé yóò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyàwó ẹ̀?”

Láwàl kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀meje ni Bàṣírátù lọ. Ní ìgbà keje, Láwàl pe ọmọ rẹ̀ jáde, ó ní, “Ṣé òun lo fẹ́?” Kúlúsúmù kúnlẹ̀, ó ní, “Òun ni, Bàbá.” Ó tán. Nọ́fíù wá dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n tọrọ ọmọ, wọ́n sì fi ìsoyìgì sí ẹ̀yìn ọdún Iléyá ọdún tó ń bọ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù pàápàá, nígbà tó rí Kúlúsúmù bó ṣe kúnlẹ̀ tó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Ọmọ yìí ti ilé rere wá.”

Ẹ̀ẹ̀rùn tún dé. Fọ́tò ẹja ti pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí wọn, bí ẹni rí ẹja inú àwo ni. Kò sí ohun tó fi hàn pé inú odò ni. Nọ́fíù ní èèyàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

“Èèyàn wo ló mọ omi jù mí lọ?” ni Kúlúsúmù wí. Ó wá fọwọ́ kan gèlè rẹ̀. “Ṣùgbọ́n gèlè ò ní dúró lórí mi nísàlẹ̀ yẹn, o mọ̀. Aṣọ á lẹ̀ mọ́ mi lára. Nọ́fíù, ojú mìíràn ò gbọdọ̀ rí i. Ojú mi, ojú rẹ, ó parí.”

“Mo fi Ọlọ́run búra…”

“Má búra. Ṣáà ṣèlérí.”

“Mo ṣèlérí.”

Ọ̀sán gangan ni wọ́n yà á, nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí. Nọ́fíù dúró nínú omi dé àyà, ó tẹ agolo rì, ó ń fojú inú wọ̀n ọ́n torí kò lè wo inú kámẹ́rà. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Kúlúsúmù rì tó kọjá níwájú rẹ̀, torí ẹyọ mẹ́jọ ni fíìmù náà gbà. Nígbà tí Nọ́fíù dé Ìfọ̀, ó fi kúbùsù bo fèrèsé, ó fọ fíìmù náà. Méje bàjẹ́. Ẹyọ kan yọ.

Háà, ẹyọ kan yẹn! Kúlúsúmù kọjú sí i tààrà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, irun dídì rẹ̀ dìde lókè orí bí koríko etí odò. Èémí rẹ̀ tò bí ìlẹ̀kẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu lọ sókè, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń rìn lórí apá rẹ̀. Nígbà tí Nọ́fíù mú un lọ fún un, ó wò ó pẹ́.

“Ṣé bí mo ṣe rí rèé?”

“Bí o ṣe rí lójú mi nìyẹn.”

Ó da fọ́tò náà padà sí i lọ́wọ́. “Tọ́jú ẹ̀ fún wa,” ló wí.

Ó tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan, ayàwòrán Èkó kan tó ń jẹ́ Adéyanjú ń dúró de rélùwéè, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Nọ́fíù. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ dé, Nọ́fíù ní òun ti ya fọ́tò lábẹ́ omi. Adéyanjú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ní Ìfọ̀ níbí? Pẹ̀lú agolo bisikíìtì? Ọ̀rẹ́ mi, irọ́ yẹn dùn, ẹ tún un pa.”

Ọ̀rọ̀ náà ta Nọ́fíù lára bí ata. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ṣí àpótí, ó ti gbé fọ́tò náà síwájú ọkùnrin yìí. Adéyanjú kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

“Kí lẹ fi èyí pamọ́ fún? Ẹ gbé e síta. Ọjọ́ ọjà kan péré, kò sẹ́ni tí ò ní mọ̀ yín.”

Rélùwéè gbé Adéyanjú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Nọ́fíù fi bá ara rẹ̀ jà, ó ń rò ó pé: Mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí Bàṣírátù tí kò ní wá ọjà yìí, ta ló mọ̀ ọ́n ní Ìfọ̀? Ìbàfọ̀ jìnnà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá sọ ọ́ kalẹ̀, kò ní gbọ́ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò dára, ọgbọ́n kì í wọ́n ọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ó kan ìṣó mọ́ ara ògiri níta, ó gbé fọ́tò náà kọ́.

Àwọn èèyàn rọ́ wá. Wọ́n yà á sí ìyanu, inú Nọ́fíù sì ń dùn, ó ń ṣàlàyé agolo, ó ń ṣàlàyé ọ̀dà. Ni obìnrin kan bá béèrè pé, “Ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò tó lajú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe òkú ni?” Àwọn tó wà nítòsí gbọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ “òkú.” Ẹlẹ́ja kan láti Ìbàfọ̀ wo ojú fọ́tò náà, ó ké, “Mo gbé o! Kúlúsúmù ọmọ Láwàl rèé!” Kí Nọ́fíù tó rí ẹni tó ké, onítọ̀hún ti bẹ́ sórí kẹ̀kẹ́ ẹnì kan, wọ́n ti lọ.

Kúlúsúmù kò sì sí nílé lọ́jọ́ náà. Mowé ló lọ láti àárọ̀, kí bàbá rẹ̀ tó ti odò dé, ó lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ fi amọ̀ pa ilẹ̀ ilé. Nígbà tí wọ́n dé bá Láwàl tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ti kú sódò, pé fọ́tò òkú rẹ̀ ń bẹ ní Ìfọ̀, baba náà kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ó tu ara rẹ̀ sọdá, ó sì sáré.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tó dé. Bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èrò yà fún un. Ó dúró síwájú fọ́tò, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ojú ọmọ rẹ̀ lára ògiri, ó ń fi àtàǹpàkò nu ún bí ẹni ń nu omi kúrò.

“Níbo lẹ tẹ́ ẹ sí?” ló ń wí. “Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ tẹ́ ẹ sí?”

Nọ́fíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Bàbá, ó wà láàyè! Mowé ló wà! Bàbá, ẹ dákun, ó wà láàyè!” Ó wí i bí ìgbà mẹ́wàá. Baba náà kò gbọ́. Nígbà tó máa gbọ́, ó ṣubú lulẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Láwàl fi dùbúlẹ̀. Kúlúsúmù ló ń fún un ní ẹ̀kọ mu. Nígbà tó gbádùn, ó ránṣẹ́ pe Nọ́fíù, ó ní, “Mo rí ọmọ mi láàyè. Kí ni mo tún ń bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí? Ẹ jẹ́ ká máa bá ètò wa lọ.” Nọ́fíù sunkún bí ọmọdé. Ó rò pé Ọlọ́run ti yọ òun.

Lọ́jọ́ kẹta, Kúlúsúmù àti Bàṣírátù wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kúlúsúmù gbé ẹrù ìtọrọ sílẹ̀: aṣọ, bàtà, Kùránì, gbogbo rẹ̀ pátá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ló wí. “Nǹkan yín rèé.”

“Ẹ” yẹn gún Nọ́fíù ju ọ̀kọ̀ lọ. “Kúlúsúmù, Bàbá ti dárí jì mí. Màá sun ún. Wò ó, màá sun ún níṣojú rẹ báyìí.”

“Ẹ lè sun fọ́tò. Ẹ ò lè sun ojú tí wọ́n fi rí i.” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. “Bàbá mi, wọn ò mọ̀ pé ẹ ṣèlérí fún mi. Ẹ̀yin mọ̀. Nígbà tí ẹ̀ ń kan ìṣó, ẹ mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.”

“Kúlúsúmù, má ṣe báyìí,” ni Bàṣírátù bẹ̀bẹ̀. “Èèyàn ló ń ṣàṣìṣe.”

“Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Ó jáde. Bàṣírátù dúró sẹ́yìn díẹ̀, ó fọwọ́ kan Nọ́fíù léjìká. “Inú ń bí i ni. Jẹ́ kó rọ̀ ná. Tó bá tó àkókò, rán mi.”

Nọ́fíù kò rán an. Oṣù kìíní, ojú ń tì í. Oṣù kejì, ó rò pé ó ti yá jù. Oṣù karùn-ún, ó rò pé ó ti pẹ́ jù. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń rí Bàṣírátù pẹ̀lú agbọ̀n ẹja rẹ̀. Bàṣírátù á dúró, á wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń retí ọ̀rọ̀, Nọ́fíù á sì bi í pé ṣé ọjà ń tà. Ní ọdún kejì, Wúlẹ̀mọ̀tù tún dá ọ̀rọ̀ Àsmá'ù sílẹ̀, Nọ́fíù kò sì jiyàn. Obìnrin rere ni Àsmá'ù. Kò ṣẹ Nọ́fíù ní ohunkóhun, kò sì mọ ìdí tí ọkọ rẹ̀ kì í fi í gba odò kọjá mọ́, tó fi ń yí ọ̀nà jíjìn po láti dé Mowé.

Ní ìparí ọdún 1959, àgbẹ̀ kan láti Ibogun wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mùsáfírù lorúkọ rẹ̀. Ó ní àna òun tó ń gbé lọ́dọ̀ òun ti darúgbó, ìyàwó òun sì fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Nọ́fíù gbé kámẹ́rà ńlá tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó tẹ̀lé e. Ó wọ agbo ilé, ó rí Láwàl lórí àga, irun rẹ̀ ti funfun báláú. Ó rí Kúlúsúmù tó ń gbé omi mímu bọ̀, ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn dì í láṣọ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn kámẹ́rà.

“Nọ́fíù!” ni Láwàl pè é. “O ṣì ń fi agolo wo odò?”

“Rárá, Bàbá. Mo ti jáwọ́.”

“Ó ṣe. Ó ti ń mọ́ mi lára díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn.”

Nígbà tí Mùsáfírù wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ, Kúlúsúmù wá gba ife. Nọ́fíù kò gbójú sókè.

“Kúlúsúmù, mi ò tíì bẹ̀ ọ́ bó ṣe yẹ. Dárí jì mí.”

“Mo ti dárí jì yín tipẹ́, Búọ̀dá Nọ́fíù.” Ó dẹ ohùn sílẹ̀, ohùn tútù. “Kí òjò ọdún yẹn tó dá ni inú mi ti yọ́. Mo ń retí Ìyá Bàṣírátù. Mo ní tí wọ́n bá wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan péré, màá gbà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wá. Tí mo bá ti rí wọn lókèèrè, màá sáré lọ gbé àga. Ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n ń bá mi sọ.”

Nọ́fíù wá gbójú sókè. “Mo rò pé o ti tilẹ̀kùn.”

“Mo tì í. Ẹ ò kàn án wò.” Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọdún méjì ni mo fi dúró. Mùsáfírù wá, ó kàn án. Èèyàn dáadáa ni.”

Mùsáfírù jáde nínú agbádá. Ó ní lẹ́yìn ti bàbá, kí wọ́n ya gbogbo ilé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n jókòó: Láwàl láàárín, Mùsáfírù lápá ọ̀tún, Kúlúsúmù lápá òsì pẹ̀lú àwọn ọmọ. Nọ́fíù ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, ó rí wọn ní ìdoríkodò bí kámẹ́rà náà ti máa ń fi èèyàn hàn. Ó tún un ṣe títí ojú gbogbo wọn fi mọ́. Ó yọ orí jáde.

“Ẹ má mira o,” ló wí. “Ẹ wo ojú mi.”

Gbogbo wọn wò ó. Kúlúsúmù náà wò ó tààrà, kò sẹ́jú. Nọ́fíù kà á sínú, ení, èjì, ẹ̀ta, ó tẹ̀ ẹ́.

“Ṣé ó ti tán?” ni Mùsáfírù bi í.

“Ó ti tán, ẹ̀gbọ́n,” ni Nọ́fíù dáhùn. Ó tẹrí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹsẹ̀ kámẹ́rà rẹ̀ jọ.